Ọ̀pá Ọparun Tí A Yọ Kúrò Nínú Fọ́tò

Wáyà iná kan wà nínú fọ́tò yẹn tẹ́lẹ̀. Ó rọ̀ wálẹ̀ láti ara òpó, ó kọjá lókè orí ọkùnrin tó ń lọ aṣọ, ọ̀pá ọparun kan sì gbé e sókè kí ó má bàa kan ẹnikẹ́ni. Mo rántí ọ̀sán Sátidé tí a yọ wáyà náà kúrò lójú kọ̀ǹpútà, tí a yọ ọ̀pá náà tẹ̀lé e, tí gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wáyà kan náà jó ọkùnrin yẹn lápá, tí àwọn tó ni wáyà sì gbé fọ́tò wa sókè níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n ní ẹ wò ó, kò sí wáyà kankan níbẹ̀, olè ni.

A kò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa nígbà náà. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n fọ́tò tí mo yà fún ìgbádùn ara mi ni mo ń gbé lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé, ní yàrá òkè kan lẹ́yìn pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè. Òṣìṣẹ́ báńkì kan ló ni yàrá náà. Òun ló ní kámẹ́rà tó wọ́n jù láàárín wa, kò sì jẹ́ kí a gbàgbé. Olùkọ́ kan láti Yábàá ló mọ àtúnṣe fọ́tò jù. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ ti gbó débi pé bó bá ṣí fọ́tò ńlá, fáànù inú rẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. "Àǹtí, ṣé fọ́tò lẹ ń tún ṣe ni àbí ata lẹ ń lọ̀?" Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àǹtí á dáhùn láìgbójú sókè: "Ata ni. Ẹ̀yin náà kúkú ń jẹ níbẹ̀."

Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lórí lẹ́ǹsì, a ó bọ́ sórí káàdì, a ó bọ́ sórí sọ́fítíwíà, kí ilẹ̀ tó ṣú a ó ti máa jiyàn lórí kọ̀ǹpútà tó tọ́ láti fi tún fọ́tò ṣe, bíi pé ẹnikẹ́ni nínú wa fẹ́ rà á lọ́la. Òṣìṣẹ́ báńkì ní orin tirẹ̀. Á yí kámẹ́rà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣí ilẹ̀kùn kékeré ara rẹ̀, á ní: "Ihò méjì ló ní fún káàdì. Ohun tí ọ̀kan bá gbà, èkejì gbà á. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á sọ̀rọ̀." A ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Àǹtí sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ihò méjì fún káàdì, ojú kan ṣoṣo fún fọ́tò, ìyẹn náà ń ṣẹ́jú." A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

A ní àṣà méjì tí a kò fi ṣeré. Èkíní ni pé ẹni tó bá ti kó fọ́tò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ nu káàdì rẹ̀ mọ́ kí ó tó tún jáde. Ẹni tí kò bá nu káàdì, ọ̀lẹ ni. Èkejì ni ohun tí a ń pè ní gbígbá ojú ọ̀run. Ẹni tó bá mọ Múṣìn yóò mọ ohun tí mò ń wí: kò sí ibi tí o gbé kámẹ́rà sí tí wáyà iná kò ní fa ilà sójú sánmà, òmíràn rọ̀, òmíràn já, òmíràn ni wọ́n fi ọ̀rá so mọ́ra. A kì í fi fọ́tò tí wáyà wà nínú rẹ̀ han ara wa. A ó gbá wáyà kúrò, a ó fi àwọ̀ sánmà dí ojú ibẹ̀, a ó ní fọ́tò ti mọ́. Ìmọ́tótó ni a pè é. Ní báyìí, bí mo bá rántí bí inú wa ṣe máa ń dùn sí ojú ọ̀run tí kò sí ní Èkó, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Òwúrọ̀ kan lẹ́yìn òjò ni a lọ ya fọ́tò ní Múṣìn. A bá alágbàfọ̀ kan, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ agbádá oníbàárà. Èéfín ń gòkè, oòrùn wọ inú èéfín náà, gbogbo wa dúró bí ẹni tí a dè mọ́lẹ̀. Ó rí kámẹ́rà, ó ní, "Ẹ jẹ́ n wá ẹ̀wù wọ̀ ná. Kí ayé má lọ ní alágbàfọ̀ ò láṣọ." Ìyàwó rẹ̀ tó ń sá aṣọ sórí okùn onírin rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Èmi lo lẹ́ǹsì tuntun mi, èyí tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó máa ń sọ gbogbo ẹ̀yìn ènìyàn di ẹ̀kọ mímu. Ojú ọkùnrin náà ni mo mú, ohun gbogbo tó kù di èéfín. Òṣìṣẹ́ báńkì fà sẹ́yìn, ó mú gbogbo rẹ̀: ọkùnrin, ìyàwó, òpó, wáyà, ọ̀pá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àǹtí fi fọ́tò òṣìṣẹ́ báńkì yìí kọ́ wa bí a ṣe ń lo sọ́fítíwíà tuntun kan. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, wáyà lọ. Ó tún fà á, ọ̀pá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pàtẹ́wọ́. Òṣìṣẹ́ báńkì pa fọ́tò ìpìlẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí ó ní àyè ti kún, ó sì gbé èyí tó mọ́ lọ sí àfihàn fọ́tò kan tí wọ́n ń ṣe. Òfin àfihàn náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún fọ́tò tàbí yọ ohunkóhun kúrò. Ó fọwọ́ sí i. Fọ́tò náà gbégbá orókè, ìwé ìròyìn gbé e, wọ́n sì ní àwọn yóò mú un lọ sí òkè òkun.

Ìgbà tí atẹ́gùn ńlá kan jà ní òpin ọdún ni ọ̀pá yẹn yẹ̀, tí wáyà sì sọ̀ kalẹ̀ sórí okùn onírin tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Olóòtú wa ló rán mi lọ sí ilé ìwòsàn pé kí n lọ kọ nípa ẹni tó fẹ́ jí iná. Mi ò mọ ẹni tí n ó bá níbẹ̀ títí mo fi rí ojú tí lẹ́ǹsì mi ti mú. Wọ́n ti fi báńdéèjì di apá ọ̀tún rẹ̀ dé èjìká, ọlọ́pàá kan sì jókòó ní ìsàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Alágbàfọ̀ náà sọ fún mi pé, "Aṣọ ni mo ń sá. Mo ju ṣòkòtò oníbàárà sórí okùn, mi ò mọ nǹkan kan mọ́." Mo ní wọ́n ló gun òpó lọ fa iná. Ó na ọwọ́ òsì sí mi. "Iná wo ni n ó fà? Èédú ni mo fi ń lọ aṣọ láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó. Ẹ̀yin náà rí i. Ẹ yà á ní fọ́tò." Ìyàwó rẹ̀ tó dúró ti ògiri ní, "Ọmọ mi ò lè kọjá lójú ọ̀nà mọ́. Ọmọ olè ni wọ́n ń pè é. Kí apá sàn, kí ó má sàn, Ọlọ́run ló mọ ìyẹn. Ẹ gba orúkọ yẹn kúrò lára wa."

Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná pe àwa oníròyìn jọ. Àwọn ará àdúgbò ti jẹ́rìí pé wáyà náà ti rọ̀ tipẹ́, pé àwọn ti pe ilé-iṣẹ́ náà títí ẹnu fi bó. Ó ní aládùúgbò ni wọ́n, wọ́n ń gbèjà ara wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ìròyìn tó ní fọ́tò wa sókè. "Àwọn ayàwòrán yín fúnra wọn ló yà á. Ẹ bá mi nàka sí wáyà tó rọ̀." Mo dìde, mo ní a ti yọ ọ́ kúrò ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyí tí ẹ ò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀ wá nígbà náà."

Inú ń bí mi nígbà tí mo wọ ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá níbẹ̀ ló mú kí ìbínú mi ru. Wọ́n ń jiyàn lórí èwo ló dára jù nínú sìkírínì méjì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n làpálàpá ni iṣẹ́ wa nínú ẹgbẹ́ yẹn. Mo pa kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Káàdì kejì ńkọ́?"

Òṣìṣẹ́ báńkì gbé kámẹ́rà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sórí itan. Àwa tó kù kò tíì ronú kan káàdì kejì, nítorí ẹnu nìkan la mọ̀ ọ́n sí. Òun alára kò ṣí i wò rí láti ọjọ́ tó ti ra kámẹ́rà, ká má tíì sọ pé ó nù ún. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fọwọ́ sí ìwé pé mi ò yọ nǹkan kan. Bí fọ́tò yẹn bá jáde, orúkọ mi bàjẹ́ nìyẹn. Wáyà lásán ni. Gbogbo wa la ń yọ ọ́." Mo ní ẹnì kan wà ní ilé ìwòsàn tí orúkọ tirẹ̀ ti bàjẹ́ ná. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo pè é ní olè." Mi ò gbàgbé gbólóhùn yẹn. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Ọjà náà kò jìnnà, inú yàrá wa ni.

Mo mú ìyàwó alágbàfọ̀ wá ní Sátidé kejì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí fún un ní àga, ó bi í léèrè àlàáfíà ọkọ, obìnrin náà sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí òun rí fọ́tò ọkọ òun, òun ò tíì rí i rí. Wọ́n ṣí i lójú sìkírínì ńlá. Ó súnmọ́ ọn, ó wo ọkọ rẹ̀ pẹ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ẹ̀wù tó sáré wọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka sí òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ.

"Ọ̀pá mi dà?"

Ó yíjú sí wa.

"Ọ̀pá ọparun kan wà níbí. Èmi ni mo lọ rà á, èmi ni mo fi gbé wáyà yẹn sókè fún ara mi nígbà tí wọn ò dá wa lóhùn. Ta ló yọ ọ̀pá mi?"

"Èmi ni, mà," ni Àǹtí wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó yíjú sí òṣìṣẹ́ báńkì. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á sọ̀rọ̀. Àbí ẹnu lásán ni?"

Òṣìṣẹ́ báńkì jókòó. Ó wo obìnrin náà, ó wo kámẹ́rà, ó sì tì í síwájú lórí tábìlì bí ẹni tó ń ti ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. "Ẹ rọra yọ ọ́," ló wí. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò lágbára." Àǹtí yọ káàdì kejì, ó ṣí i lójú kọ̀ǹpútà: fọ́tò náà wà níbẹ̀, kékeré, wáyà ń bẹ lókè orí ọkọ, ọ̀pá ń bẹ lábẹ́ wáyà, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A gbé káàdì náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ báńkì fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ọ̀gá ọlọ́pàá wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní àwọn yóò gbé ẹ̀sùn olè náà sẹ́yìn ná, pé kí a má tíì dúpẹ́. Àwọn aláfihàn gba àmì ẹ̀yẹ padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báńkì. Ilé-iṣẹ́ iná ní tiwọn sọ pé ẹni tó lè yọ wáyà kúrò nínú fọ́tò lè fi wáyà sínú rẹ̀ pẹ̀lú, ta ló fẹ́ gba ẹ̀rí irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ kọ́ ló da eérú yìí, ara tirẹ̀ ló sì bà lé.

Ẹgbẹ́ wa ti tú ká báyìí. Àǹtí ṣì máa ń pè mí. Ó ní òun kì í gbá ojú ọ̀run mọ́, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń fi fọ́tò oníwáyà òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń gba Múṣìn kọjá. Ọwọ́ òsì ni alágbàfọ̀ fi ń lọ aṣọ nísinsìnyí, ó ń lọ́ra, àwọn oníbàárà ń dúró dè é, ẹnikẹ́ni kò pè é ní olè mọ́ ní ojú rẹ̀. Wọ́n gbé wáyà náà sókè nígbà kan, ó tún ti rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ra ọparun mìíràn.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin tó gbé fóònù ní àwọn ti yan ìgbìmọ̀, pé wọn yóò wá fojú ara wọn wo ibẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ bá yẹ káàdì wò tán, pé kí àwọn ará àdúgbò ṣe sùúrù, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀ títí wọn yóò fi dé. Mo bi í bóyá ọ̀pá ọparun náà wà lára ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ní kí n dúró, ó lọ béèrè. Nígbà tó padà dé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá ní kí ọ̀pá náà ṣì wà níbẹ̀.