Fáìlì Tó Ń Jẹ́ Mo-Wà

Iṣẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Atòfáìlì kò ju ìbéèrè lọ. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti ń ṣe é, nínú yàrá kótópó tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń hanrun níbẹ̀ bí àgbàlagbà tó sùn. Gbogbo àwòrán egungun tí wọ́n bá yà fún aláìsàn, inú àká kan tó jìnnà réré, tí wọ́n ń pè ní kíláòdù, ni wọ́n ń kó o sí. Kò sẹ́ni tó fojú rí ilẹ̀kùn àká náà rí. Orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan sì wà nínú dátábéèsì, ìwé orúkọ inú kọ̀ǹpútà, bí orúkọ ọmọ ṣe ń wà nínú ìwé olùkọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Atòfáìlì á tẹ ìlà kan ṣoṣo sínú dátábéèsì, dátábéèsì á sì lọ bi àká pé, "Kí ló wà níkùn rẹ?" Àká á tò ó sílẹ̀: orúkọ fáìlì, bó ṣe tóbi tó, aago tí ọwọ́ kàn án kẹ́yìn.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ilé bá ń jó, ọkùnrin yẹn á kọ́kọ́ so okùn bàtà rẹ̀ dáadáa ná. "Ọmọ mi," a máa wí, "fáìlì tí kò lórúkọ nínú ìwé, má tètè sọ pé kò ní baba." Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti sin ín. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sí i.

Ní Ajé kan, ọ̀gá wọn obìnrin yọjú wọlé. "Àká ti kún àkúnya. Fáìlì yòówù tí kò bá sí nínú ìwé orúkọ, pa á rẹ́ kó o tó relé lọ́la."

"Mo gbọ́, mà."

Tẹ́lẹ̀, fódà, àpò fáìlì, ti ọdún tó wà lóde nìkan ló máa ń béèrè. Lọ́jọ́ náà, ó béèrè gbogbo àká. Ibẹ̀ ló ti rí fódà Bàbá Jẹ́jẹ́: àádọ́rùn-ún àwòrán àtijọ́, pẹ̀lú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ mo-wà. Ó wo aago tí ọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Orí rẹ̀ wú. Ó ké sí ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́, tó ń ya àwòrán egungun ní yàrá kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan. Ta ló ń fọwọ́ kan fáìlì òkú?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó fẹ̀yìn rìn. "Tèmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó légungun lèmi ń yà. Èyí tí ò légungun, ìwọ àti ẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ kejì, kó tó di aago mẹ́wàá ló ti jókòó. Ó béèrè, àká ní àná ni ọwọ́ kan mo-wà kẹ́yìn. Aago mẹ́wàá lù, ó tún béèrè, àká ní ìsinsìnyí ni. Kò sẹ́lòmíì nínú yàrá. Kò jẹ́ wo ọ̀dọ̀ àga yẹn. Ó ṣí fáìlì náà: "Mo wà. Ó ku àádọ́rùn-ún lẹ́yìn mi tí kò tíì wọ ìwé."

Ó wá ìdí rẹ̀ títí ó fi rí i: ètò kékeré kan ni bàbá kọ sínú kọ̀ǹpútà kó tó ṣàìsàn. Lọ́dún tí wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń sọ àwòrán lórúkọ padà, àwọn àwòrán àtijọ́ ṣubú kúrò nínú ìwé. Díẹ̀díẹ̀ ni bàbá ń dá wọn padà kí àìsàn tó gbé e ṣánlẹ̀. Ètò náà ló ń ka èyí tó kù láràárọ̀ ní aago mẹ́wàá, tó sì ń kọ iye rẹ̀ sínú mo-wà. Bí kò bá wá ku ẹyọ kankan mọ́, á pa fáìlì yẹn rẹ́, á sì dákẹ́ láéláé.

Atòfáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sínú ìwé. Ìgbáròkó arúgbó, ìka ọwọ́ ọmọdé, egungun ìhà àwọn tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ku ẹyọ kan: orúnkún obìnrin kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bó bá fi ẹyọ yìí sílẹ̀, bàbá á tún sọ̀rọ̀ lọ́la. Ta ni yóò mọ̀?

Ọ̀gá yọjú. "Ó parí?"

"Ó ku ẹyọ kan, mà."

"Ẹyọ kan péré? Pa á rẹ́ kó o máa lọ, jàre."

Ó tún wo àwòrán náà. Orúnkún yẹn, ẹnì kan ló ń fi rìn. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá, ó béèrè. Àká to gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, kò sí mo-wà níbẹ̀. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀gbọ́n yọrí lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò fẹsẹ̀ wọlé.

"Àlejò yẹn ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Ẹ̀ẹ́n! Ọlọ́run ṣeun. Ta ló bá wa lé e?"

Ó tún tẹ ìbéèrè náà, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Èmi ni," ló wí.