Ó Kan, Ó Kàn

Kò sí ẹlẹ́mu ní Ganaja tí kò mọ ahọ́n Oyèdèjì. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Bó bá ti tọ́ ẹmu wò tó ní, "Ó kan o," kí ẹlẹ́mu yáa gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Elisha wá tọrọ Ọlámipọ̀sí, ọmọ Oyèdèjì, láti fi ṣaya. Ọmọ Ígálà ni Elisha. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣì máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn létí. Ìgò wáìnì pupa kan ló gbé dání. Ó ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọgbà àjàrà kékeré kan nílẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn olówó ti máa ń tò de wáìnì. Ìgò kan ṣoṣo yìí ni ọ̀gá rẹ̀ fún un nígbà tó ń bọ̀ wálé.

"Bàbá, ó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ìgò," ni Elisha fi yangàn.

Ọdún mẹ́wàá kẹ̀! Oyèdèjì tí kì í fẹnu kan ẹmu àná! Ó sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé bóun bá ti gba ohun mímu náà, òun gba ẹni tó gbé e wá. Bí ó bá kan, kí àna náà máa lọ. Ìwà ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Ife kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n gbé wá, bí wọ́n ṣe ń gba ife ẹmu lọ́wọ́ ara wọn mu. Ó mu díẹ̀. Wáìnì náà fúyẹ́, kò dùn bíi ṣúgà. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e mì, ó kan díẹ̀ bí èèpo àgbálùmọ̀.

"Ó kan o," ló wí.

Ara Ọlámipọ̀sí bù máṣọ. Àbẹ̀bí, ìyá rẹ̀, wolẹ̀. Ẹyin lohùn, ó sì ti bọ́ sílẹ̀.

Elisha ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ó kàn ọ́" ló gbọ́. Ó rò pé wọ́n ní kóun náà wá mu.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò tíì tọ́ ọ wò rí, sà. Mo ní ó di ọjọ́ tí bàbá ìyàwó mi bá sọ pé ó kàn mí."

Ó mu ún, ó dijú, omijé sì lé ròrò sí i lójú.

Oyèdèjì ń wò ó. Ó kù díẹ̀ kó là á yé e pé kíkan lòun ní ó kan. Ṣùgbọ́n àánú ọmọ náà ṣe é, ojú sì tì í, nítorí kò sẹ́ni tó fi ohunkóhun pamọ́ dè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ó nawọ́ sí ife náà.

"Gbé e wá," ló wí, "ó ti kàn mí."