Ìwé tí Kareem Fà Ya

Ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà ni Tàwàkálítù. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Kareem ní Ìkàrẹ́, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín àwọn ọmọṣẹ́. Nígbà tí fíríìdọ̀mù rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, Kareem ní òun fẹ́ fi í ṣe ìyàwó kẹta. Ó kọ̀.

Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù náà, èrò ti jókòó, ìyá rẹ̀ Àsàmáù ti se ìrẹsì sílẹ̀. Kareem na ìwé ẹ̀rí sókè, ó fà á ya.

"Ẹni yìí ò tíì mọṣẹ́," ó wí.

Àsàmáù bẹ̀ ẹ́ títí, etí ikún ni Kareem kọ sí i. Láti ọjọ́ náà ni Tàwàkálítù ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú bí ẹni gbé ẹyín iná mì.

Ọkọ tó padà fẹ́, Abọ́dẹrìn, ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè kékeré kan ní ìlà-oòrùn Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì. Obìnrin náà bá a lọ. Ìgbà tó débẹ̀ ni wọ́n ń tún ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe: ẹni tó bá mọṣẹ́ tí kò níwèé, kó wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Wọn ò bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n gbé pákó fún un, wọ́n ní kó kan fèrèsé. Ó kàn án. Èdè Jámánì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ṣùgbọ́n lọ́dún kẹta ó gbàwé, ó tún gba èyí tí yóò fi máa kọ́ ẹlòmíràn. Abọ́dẹrìn ní kí àwọn máa gbé níbẹ̀. Tàwàkálítù ní rárá, òun níṣẹ́ nílé.

Ní Ìkàrẹ́, ó bá ẹgbẹ́ káfíńtà sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gba ètò tuntun: ọ̀gá kankan ò ní dá fọwọ́ sí ìwé ọmọṣẹ́ mọ́, ọ̀gá tó bá sì fẹ́ gba ọmọṣẹ́, òun náà á kọ́kọ́ ṣèdánwò. Wọ́n fi Tàwàkálítù ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí yóò máa dán wọn wò. Àwọn èèyàn ń yìn ín pé ó fẹ́ ìlọsíwájú. Òun nìkan ló mọ ẹni tó ń dúró dè.

Kareem wọ yàrá ìdánwò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó rí ẹni tó jókòó, ó dúró gbagidi.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá," Tàwàkálítù wí, kò dìde. "Ẹ kan ilẹ̀kùn fún wa. Ẹ má lo ìṣó. Kí pákó wọnú pákó."

Tàwàkálítù mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé àwọn ọmọṣẹ́ ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún un.

Fúnminíyì, tí òun àti Tàwàkálítù jọ ń dán àwọn ọ̀gá wò, rọra sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí bàbá lo ìṣó díẹ̀."

"Rárá o."

Títí di ìrọ̀lẹ́, òógùn ń bọ́ lára Kareem. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà nàró, ó yẹ̀ gẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, Tàwà," Kareem sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń wò mí."

"Mo rí wọn," obìnrin náà dáhùn. Ó kọ ọ́ pé kò yege, ó sì kà á jáde ketekete. Wọ́n pín àwọn ọmọṣẹ́ náà fún àwọn ọ̀gá mìíràn. Tàwàkálítù fúnra rẹ̀ mú Marwa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn.

Ó jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà. Abọ́dẹrìn ń wò ó.

"Ṣé ó ti tó báyìí?"

"Ó ku díẹ̀."

Ẹgbẹ́ ní Kareem lè tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Tàwàkálítù ti lọ ra pákó apá, èyí tó le jù, ó ti sá a sóòrùn kó lè tún le sí i de Kareem.