Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ọwọ́ mi kò tó bọ́tìnnì àjà keje nínú lífítì, Jenfeld, àdúgbò wa ní ìlú Hamburg ní Jámánì, ni mo mọ̀ sí gbogbo ayé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Hamburg lásìkò tí owó Yúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ó rántí àwọn ilé gíga ìjọba wọ̀nyẹn, tí wọ́n tò síra wọn bí páálí bàtà. Reluwé kò dé ọ̀dọ̀ wa. Bọ́ọ̀sì la máa ń wọ̀ dé Wandsbek kí a tó rí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ilé olọ́gbà wà, tí igi ápù ń so lẹ́yìnkùlé wọn, kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ fún ọmọ wọn pé Jenfeld léwu. Èmi tí mo ń gbé ibẹ̀, òórùn ata díndín lórí àtẹ̀gùn ni mo mọ̀ ọ́n mọ́, àti ìyá ará Tọ́kì ìsàlẹ̀ tó máa ń fún wa ní búrẹ́dì gbígbóná.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kì í ráyè ṣeré tó àwọn yòókù. Bó bá ti di Sátidé, ẹ̀wà ni mo máa ń bó. Màmá mi yóò rẹ ẹ́ sínú abọ́ ńlá, èmi yóò máa fọwọ́ ra á títí èèpo yóò fi léfòó, ìka mi yóò sì hunjọ bí ìka arúgbó. Bí mo bá fi èdè Jámánì dá àwọn òbí mi lóhùn, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ sókè. Bí mo bá purọ́, ìkúnlẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ti irọ́ máa ń pẹ́ jù ú lọ. Bàbá mi a ní, "Ẹni tó ń purọ́ á jalè."

Eré tí a fẹ́ràn jù láàárín àwọn ilé náà ni èyí tí a ń pè ní Kontrolle, nítorí gbogbo ìgbà ni ọlọ́pàá ń dá àwọn bàbá wa dúró láti wo ìwé wọn. Ẹnì kan á ṣe ọlọ́pàá, á nawọ́, á kígbe pé "Ausweis!", ìyẹn ni pé ìwé dà, àwa yòókù á sì fún un ní ewé tí a já. Ẹni tí ewé tirẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ̀yìn àgbá ìdọ̀tí ni wọ́n ń tì í mọ́. Èmi ni mo máa ń jà láti ṣe ọlọ́pàá.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìjọ Aládùúrà wa ní Harburg ń ṣe ìkórè. Màmá mi ti lọ ṣáájú láti lọ tún ibẹ̀ ṣe. Èmi àti bàbá mi ni yóò gbé mọ́ínmọ́ín tí ó sè ní ìdájí tẹ̀lé e. Fóìlì ló fi pọ́n ọn, ó tò ó sínú kúlà pupa ńlá kan. Sùtánà funfun bàbá mi wà nínú báàgì lọ́wọ́ mi.

Ní ibùdókọ̀ ńlá ti àárín ìlú, ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ Harburg, ọlọ́pàá méjì dá wa dúró. Ọkùnrin òyìnbó kan wọ́ àpótí tó tóbi jù mí lọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò sẹ́ni tó wò ó. Bàbá mi kí wọn, ó mú ìwé ìgbélùú rẹ̀ jáde. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Èyí tó ní irùngbọ̀n pupa béèrè nǹkan kan. Bàbá mi wò mí.

"Kí ló wí, Fọlá?"

"Ó ní kí ló wà nínú kúlà."

"Sọ fún un pé oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó tú fóìlì, ó sì ti ìka bọ inú mọ́ínmọ́ín. Ó mú òmíràn, ó tún ki ìka bọ̀ ọ́. Egbòogi olóró ló ń wá. Òórùn edé àti ata gba gbogbo ibẹ̀, òórùn ilé wa, àwọn èèyàn sì ń wò wá. Ojú tì mí. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, pé oúnjẹ ìyá mi ló tì mí lójú, kì í ṣe ìka ọlọ́pàá náà.

Ẹnì kejì yọ sùtánà nínú báàgì, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọn kò rí nǹkan kan, onírùngbọ̀n pupa dá ìwé padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi, ó ní, "Sọ fún bàbá rẹ pé bí èyí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó padà sórí igi tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ wá."

"Kí ló wí?" ni bàbá mi tún béèrè.

"Ó ní ẹ má bínú, Dádì. Ó ní iṣẹ́ àwọn ni."

Bàbá mi tẹrí ba fún un. "Danke schön," ó fi Jámánì dúpẹ́. Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀, lórí afárá odò Elbe, bàbá mi yíjú sí mi.

"Fọlá, mo gbọ́ ohun tí ó wí."

Mo ti ń retí ìkúnlẹ̀ nítorí irọ́ tí mo pa.

"Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń bá àwọn òyìnbó kó ẹrù. Irú ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi."

"Kí ló dé tí ẹ kò dá a lóhùn?"

"Bí mo bá fi ẹnu ara mi dá a lóhùn, inú á bí mi. Bí inú bá bí mi, wọ́n á mú mi. Ta ni yóò mú ọ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ?" Ó kọjú sí fèrèsé. "Mo rò pé wọ́n á rọra sọ̀rọ̀ nítorí ọmọdé. Má bínú."

Bàbá mi kò bẹ̀ mí rí. Ìbá sàn kí ó gbá mi létí.

Ní Harburg, ó yọ gbogbo mọ́ínmọ́ín tí ìka ti bọ̀, ó ń jù wọ́n sínú ìdọ̀tí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ju ìdajì lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi ṣí kúlà, ó pariwo.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀," ni bàbá mi wí.

"Ẹ̀yin! Kúlà kan ṣoṣo, ẹ ò lè gbé e!"

Àwọn ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, n kò bá ẹnikẹ́ni ṣe Kontrolle mọ́. Ìgbà tí a sin bàbá mi tán ni mo tó sọ òótọ́ fún màmá mi. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mo sì bú u lójú àwọn èèyàn," ó sunkún títí.

Ní báyìí, àdúgbò Wedding ní Berlin ni mò ń gbé. Nígbà tiwa, a máa ń wá iṣu kiri. Báyìí, bí mo bá yọjú sí títì, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gààrí wà níbẹ̀. Nígbà tiwa, ìwé ìgbélùú làwọn bàbá wa mú. Báyìí, ọmọ ìlú ni wá lórí ìwé. Níbí ni wọ́n bí ọkọ mi, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, sí. Jámánì ẹnu rẹ̀ dán ju ti ẹni tó ń ka ìròyìn lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, òun àti ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pẹ́ kí wọ́n tó ti ibi ìlúwẹ̀ẹ́ dé. Mo béèrè ohun tó dá wọn dúró. Jámánì ni ọmọ náà fi dá mi lóhùn, bó ṣe ń bọ́ bàtà lọ́wọ́, pé ọlọ́pàá dá àwọn dúró ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀.

"Ṣé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí Dádì rẹ?"

"Rárá," ó ní. "Dádì mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá ti rí wọn lókèèrè, ó ti máa ń mú ìwé rẹ̀ dání kí wọ́n tó béèrè." Ó ní ebi ń pa òun.

Ọkọ mi ń sá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, kò wo ojú mi. Mo bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì, a sì jẹun.