Ẹnjiníà Tí Wọ́n Ní Kó Lọ Ka Mọ́tò

Ẹ̀rín ẹ̀gàn ni Ọláníyọnu Fátókun fẹ́ rín nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ sọ iṣẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Ó rò pé òyìnbó náà ń ṣàwàdà ni. Ó ti pẹ́ ní ìlú Òyìnbó, ó ti jìyà òtútù, ó ti ṣe ìṣirò títí ojú fi rẹ̀ ẹ́, ó ti gboyè ẹnjiníà ojú ọ̀nà, ó sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé lọ́dún 1957 pẹ̀lú àpótí tó kún fún ìwé. Afárá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òkè tí yóò là, àbàtà tí yóò dí, ìyẹn ló ń rò láti orí òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó jókòó níwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbàdàn kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lórí ife tíì tó ń fi ṣíbí rò.

"Ìwó lo ti wá, àbí?" ni òyìnbó náà wí. "Ó dáa. Lọ síbẹ̀. Ọ̀dà títì tó wà nílẹ̀ ò lè tó ju ọ̀nà kan lọ lágbègbè yẹn. Àwọn kan ní ọ̀nà Kuta ni ká dà á sí, àwọn kan ní ọ̀nà Abà Elépo ni. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí o ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Èyí tí ọkọ̀ ń gbà jù la ó ṣe."

"Kí n ka ọkọ̀, sà?"

"Àbí wọn ò kọ́ ọ ní oókan, eéjì?"

Wọ́n kọ́ ọ. Ohun tó tún ń bí Ọláníyọnu nínú nìyẹn. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń la títì gidi tí kì í kọ́kọ́ ka ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀. Ó wà nínú ìwé tó rù bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, akọ̀wé ní í kà á, ẹnjiníà ní í gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó jáde ní ọ́fíìsì náà, ó ń bú òyìnbó yẹn lábẹ́ ahọ́n títí ó fi dé ìdíkọ̀.

Ní Ìwó, inú bàbá rẹ̀ dùn débi pé kò fetí sí ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Díákónì Fátókun ni wọ́n ń pe bàbá náà, àgbẹ̀ oníkòkó tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí kò sì mọ ìwé mìíràn kà ju Bíbélì àti ìwé orin lọ. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ síwájú ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n kọrin ọpẹ́, wọ́n gbàdúrà gígùn lé e lórí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, gbogbo ayé rí ẹnjiníà tí wọ́n gbàdúrà fún lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ọ̀dán kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Kuta. Ó wọ ṣòkòtò pénpé kakí, ó dé akoto, ó mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, ó ń wo bọ́lẹ̀kájà tó ń kọjá.

Ṣẹ̀fíátù, obìnrin kan tó ń ta ọsàn, ló ti ń jókòó lábẹ́ igi náà kó tó dé. Ẹnu obìnrin yìí mú ju ọ̀bẹ tó fi ń bó ọsàn lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà," ó wí, ó sì kúnlẹ̀ lábọ̀, irú ìkúnlẹ̀ tí ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Ẹ má bínú o, mo fẹ́ bi yín léèrè ni. Ọkọ̀ tí ẹ ń kà yìí, ṣé ẹ fẹ́ rà wọ́n ni?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Háà, iṣẹ́ ńlá ni o! Ọkọ tèmi ò mọ̀wé, àmọ́ kò sí àárọ̀ tí kì í ka ewúrẹ́ rẹ̀. N ò mọ̀ pé ẹnjiníà ni mo fẹ́."

Àwọn tó ń ra ọsàn bú sẹ́rìn-ín. Ọláníyọnu wo obìnrin náà bí ẹni ń wo eṣinṣin lára ògiri, ó sì yíjú padà sójú ọ̀nà. Kí ló kàn án pẹ̀lú ọlọ́sàn? Lójú rẹ̀, gbogbo ìlú náà ti kéré ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ilé ibẹ̀ kúrú, òrùlé ibẹ̀ ti dípẹtà, ẹnu àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló gùn sí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ní ọjà àti ní ìdíkọ̀: Kàmọ́tò.

Lọ́jọ́ tó parí ọ̀nà Kuta, Kánsílọ̀ Àyànbádéjọ wá kí i nílé ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin yìí ní bọ́lẹ̀kájà, ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó jókòó nínú kánsù, ó sì jókòó sí àga iwájú nínú ìjọ kan náà pẹ̀lú Díákónì. Àkùkọ méjì ni wọ́n gbé tẹ̀ lé e. Awò dúdú ló fi bojú nínú pálọ̀ tí wọ́n ti ń wá iná tàn.

"Wẹ́kọ̀mù, áwà Ẹnjiníà!" ó kígbe, èdè òyìnbó tó gbọ́ sì tán síbẹ̀. "O kú iṣẹ́ ìlú, ọmọ wa. Mo gbọ́ pé ọ̀la lo máa bọ́ sí ọ̀nà Abà Elépo. Háà, o máa rí ọkọ̀! Gbogbo kòkó ilẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ń gbà."

"Kòkó yín, sà?" ni Ọláníyọnu bi í.

"Kòkó gbogbo wa ni. Kí ni tèmi níbẹ̀? Torí pé Abà Elépo ni ilé tí mò ń kó kòkó sí wà? Èmi ò ro ti ara mi rárá. Ti ìlú ni mò ń rò."

Ilẹ̀ ni Díákónì Fátókun ń wò. Ọláníyọnu wo ikùn tó yọ gọngọ lábẹ́ agbádá, ó wo awò dúdú tí iná fìtílà ń tàn yòò lára rẹ̀, ọkùnrin náà sì rí i lára bí ọbẹ̀ tó ti kan. Gbogbo ohun tó wí ni pé, "A ó rí i, sà."

Ní ọ̀nà Abà Elépo, kánsù yá a ní akọ̀wé kan, Sunday, tí yóò máa bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn tẹ́ Ọláníyọnu lọ́rùn. Ẹni tó yẹ kó kà á ti dé. Ó tẹ̀yìn ti ìdí igi, ó ṣí ìwé ìròyìn, ó sì fi Sunday sílẹ̀ pẹ̀lú eruku. Ọkọ̀ pọ̀ lóòótọ́. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń bọ̀, àfi bí ọjọ́ ọjà.

Nígbà tí oòrùn ti ga, eruku kó sí i lẹ́nu, ó sì sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀ kó lè tutọ́. Bọ́lẹ̀kájà kan ń kọjá, wọ́n kọ SÙÚRÙ LÉRÈ sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà búlúù, wọ́n fi tapólì bo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni ìyá náà wí, ó ń juwọ́.

Ọláníyọnu padà sí ìròyìn rẹ̀. Kó tó ka ojú ìwé kan tán, ó tún gbọ́, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọkọ̀ náà ló ń bọ̀ padà. Ó dára, ẹni tó lọ á bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún yọ, tó tún lọ, tó tún ń bọ̀, ìyá náà ò juwọ́ mọ́. Ó ti sùn lọ, orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sí kòtò.

"Sunday, báwo ni iṣẹ́?"

"Ó dáa gan-an ni, sà. A ti fi ọ̀nà Kuta sẹ́yìn pátápátá."

"Ọkọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ síbí, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní iye ìgbà tí wọ́n kọjá. Ọkọ̀ mélòó ló ń kọjá?"

Sunday ha orí. "Tí ẹ bá ní ká wò ó báyẹn, sà, ọkọ̀ Kánsílọ̀ mẹ́ta ni."

Ọláníyọnu dìde, ó lọ dúró sáàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. SÙÚRÙ LÉRÈ ń bọ̀ tuuru, ó fọn fèrè, ó tún fọn ún, ó wá dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án láyà. Yẹ̀kínì, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ náà, yọ orí síta.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Kí lo kó?"

"Kòkó ni, sà."

"Ṣí tapólì."

Yẹ̀kínì ò mira. Ọláníyọnu fúnra rẹ̀ gun táyà, ó tú okùn, ó fi ọwọ́ kan fa àpò ìdọ̀họ kan yọ, ó sì jù ú sílẹ̀. Àpò náà fúyẹ́ bí ìrọ̀rí. Ẹnu rẹ̀ tú, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sì dà sójú ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko ti ń pé jọ.

"Sà, èmi kọ́ ni mo ni ọkọ̀," ni Yẹ̀kínì wí. "Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n máa bọ̀. Mò ń lọ, mò ń bọ̀."

Ariwo jí ìyá arúgbó náà. "Ṣé a ti dé ni?"

"Níbo lẹ ń lọ, Ìyá?" ni Ọláníyọnu bi í.

"Èmi náà ò mọ̀, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n ṣáà jókòó, kí n máa juwọ́ sí ọ."

Ẹ̀rín bẹ́ láàárín èrò. Ọláníyọnu náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dùn mọ́ ọn jù láti ìgbà tó ti délé. Ó dúró lókè táyà níbẹ̀ bí oníwàásù.

"Ẹ wá wo ẹni tí ẹ dìbò fún!" ó pariwo. "Ẹ wá wo ọlọ́lá yín, tó fẹ́ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ ìjọba! Ìyá, ẹ sọ ọ́ sókè kí wọ́n gbọ́. Ta ló rán yín níṣẹ́ yìí?"

Ìyá náà fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wò ó dáadáa. "Ta ni ì bá tún jẹ́? Bàbá rẹ ni. Díákónì. Ó ní iṣẹ́ ọmọ òun ni, ká ràn án lọ́wọ́ kó lè yọrí."

Ẹnì kan tú pùú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì gbà á. Ẹ̀rín tí wọ́n kọ́kọ́ rín, Àyànbádéjọ ló ni ín. Èyí tí wọ́n ń rín báyìí, ti ẹni tó wà lórí táyà ni.

Lẹ́yìn ilé ló bá bàbá rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sórí ẹní. Kò dọ̀bálẹ̀. Kò kí i.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ rán ìyá yẹn?"

"Ìyá Bọ́sẹ̀? Òótọ́ ni."

"Kí ló dé?"

Bàbá náà dúró sáàárín kòkó rẹ̀. "O ní ọkọ̀ ni wọ́n ní kí o kà. Mo lọ wo ọ̀nà Abà Elépo lọ́jọ́ kan, n ò rí ju kẹ̀kẹ́ kan lọ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Mo wá rò ó pé bí ọmọ mi bá jókòó síbẹ̀ tí kò rí nǹkan kà, òyìnbó á ní kò níṣẹ́ ṣe, wọ́n á lé e. Àyànbádéjọ ní òun lè mú ọkọ̀ wá. Mo ní ó káre. Mo sì rí i pé kò dáa kí ọkọ̀ máa lọ láìní èrò."

Ì bá ṣe pé bàbá náà purọ́ fún un ni, inú Ọláníyọnu kò ní ru tó bẹ́ẹ̀. Òmùgọ̀ yìí ni wọ́n bí òun fún? Ẹni yìí ni òun ń rántí lálaalẹ́ nínú yìnyín?

"Òpè ni yín, Bàbá," ó wí. "Àyànbádéjọ ń gùn yín bí ẹṣin, inú yín ń dùn pé èèyàn ńlá ló wà lẹ́yìn yín."

Díákónì Fátókun wo ojú sánmà tó ti ṣú. "Òjò ń bọ̀," ó wí. "Bá mi mú ìdí ẹní yìí, ká gbé kòkó wọlé."

Ọláníyọnu yíjú, ó wọ yàrá lọ di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń dá wọ́ ẹní wọlé níkọ̀ọ̀kan, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò jáde. Ì bá dá àkùkọ Àyànbádéjọ padà kó tó kúrò nílùú, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ wọ́n.

Lẹ́yìn tó ti tún ọ̀nà Abà Elépo kà fúnra rẹ̀, láìfi ojú sí ìwé ìròyìn, ó gba Ìbàdàn lọ. Ọ̀gá òyìnbó gbọ́ ìròyìn náà, ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó pe òyìnbó kejì láti yàrá kejì pé kó wá gbọ́ ohun tí àwọn ará Ìwó ṣe. Ọláníyọnu tún un sọ. Ó tiẹ̀ fi ohùn Ìyá Bọ́sẹ̀ sọ ọ́, ó juwọ́ bí ìyá náà ṣe ń juwọ́, àwọn méjèèjì ń dì mọ́ àga, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti ń tán lọ kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀nà Kuta.

"Ọ̀nà Kuta la ó wá ṣe nìyẹn, sà?"

"Ọ̀nà Kuta kẹ̀? Ọ̀dà yẹn ti lọ. Wọ́n ti dà á sí ọ̀nà ilé tuntun àwọn ọ̀gá, lẹ́yìn ìlú níbí."

"Ta ló ka ọkọ̀ ibẹ̀, sà?"

"Kí ni a fẹ́ kà níbẹ̀?" ni òyìnbó náà wí, ó ń fi áńkáṣífì nu omijé ẹ̀rín kúrò lójú. "Ọ̀nà ilé mi ni."

Ọláníyọnu wo ọkùnrin náà. Àyànbádéjọ mìíràn ni, àfi pé kò wọ agbádá. Ó kéré tán, Àyànbádéjọ ṣe wàhálà àtidi ewé sínú àpò. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu Ọláníyọnu, tó lè gbé e padà sínú ọkọ̀ Ìwó lọ́jọ́ náà gan-an láìníṣẹ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. "Yẹ́ẹ̀sà," ló wí, ó sì mú akoto rẹ̀. Nígbà tó dé ìta, ó rántí bó ṣe juwọ́ níwájú wọn, ojú ara rẹ̀ sì tì í débi pé ó tutọ́ sílẹ̀.

Ó di ọdún Àjíǹde kó tó padà wálé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀, kò tètè dìde.

"Dìde," ni bàbá náà wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sì wáyé láàárín wọn mọ́. Bàbá náà ò bèèrè, ọmọ náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dà dé ọ̀nà Kuta lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, Ọláníyọnu ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló sì dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ nínú oòrùn títí ó fi parí. Àyànbádéjọ ti wọlé ìbò padà nígbà náà, ó sì ń sọ kiri pé òun lòun lọ gbà á wá láti Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ sí Ọláníyọnu lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ awò dúdú rẹ̀. "Wẹ́dọ̀n, áwà Ẹnjiníà!" Ọláníyọnu fún un ní orí ìka méjì, ó gbà á padà kíá, ó sì nù ún sára ṣòkòtò rẹ̀ níṣojú gbogbo ìjọ.