Ọjọ́ Tí Mo Kọ̀ Láti Fi Ọwọ́ Òsì Júwe

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà. Télọ̀ ni màmá mi, iwájú ilé wa náà sì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti máa ń fẹ́ná sí èédú láti fi lọ aṣọ àwọn oníbàárà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, yunifọ́ọ̀mù mi ni wọ́n kọ́kọ́ lọ̀. Wọ́n fi sítáàṣì sí i títí kọ́là rẹ̀ fi ń gún mi lọ́rùn, nítorí tíṣà ti sọ fún wa pé àwọn kan ń bọ̀ wá yẹ ojú wa wò nílé ìwé. Ojú ni wọ́n fẹ́ wò o, kì í ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún màmá mi?

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn, ẹ mọ irú ilé tí mò ń wí. O lè fọ́ àwo, kí wọ́n má nà ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, o gbé. "Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń gbà, òun lo fi ń fúnni, òun náà lo fi ń júwe," màmá mi á wí, wọn á sì gbá ọwọ́ òsì náà wálẹ̀. Èmi ni mo máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn bí mo bá ti ilé ìwé dé, ọwọ́ ọ̀tún náà ni mo sì gbọ́dọ̀ fi na abẹ́rẹ́ padà sí wọn. Ó ti mọ́ mi lára débi pé n kì í rò ó mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá yẹ ojú wa wò. Wọ́n gbé pátákó funfun kan kọ́ sára ògiri kíláàsì, lẹ́tà E nìkan ló kún inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn kan kọjú sókè, ti àwọn kan kọjú sílẹ̀, àwọn mìíràn sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ E náà kọjú sí. Nọ́ọ̀sì ní a kò gbọ́dọ̀ lanu, kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́ ìdáhùn kí wọ́n há a sórí.

Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ òsì bo ojú òsì. Mo fi ọ̀tún júwe, mo gbà á látòkè délẹ̀. Wọ́n wá ní kí n fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú ọ̀tún. Ibẹ̀ ni wàhálà dé, torí ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún mi, àgbà sì ni nọ́ọ̀sì tó dúró níwájú mi yìí. Mo fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́, wọ́n ní, "Má yọ ọwọ́ yẹn." Mo dúró bí òpó. Mo rí gbogbo E náà kedere. "Ṣé o ò rí i ni?" A kò sì gbọ́dọ̀ lanu. Nọ́ọ̀sì mi orí, wọ́n sì pe ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni tíṣà wa wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ojú òsì mi kò ríran, kí wọ́n tètè gbé mi lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń wo ojú ní Òṣogbo. Ẹsẹ̀ màmá mi kúrò lórí máṣíìnì. Ìyá tó bí wọn wà ní Ọ̀tan-Ilé nígbà náà, ojú méjèèjì ti fọ́, ọmọdé ló ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ilé ìtọ̀. Ohun tí màmá mi ń bẹ Ọlọ́run sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyẹn, pé kó má dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí láti sọ pé mo ríran, torí wọ́n á ní mo pe nọ́ọ̀sì ní onírọ́.

A sọ̀kalẹ̀ ní Old Garage ní Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá mi di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ọsibítù. Dókítà tó gbà wá bo ojú ọ̀tún mi pẹ̀lú ike dúdú kan, wọ́n nawọ́ sí irú pátákó E kan náà lára ògiri, wọ́n ní, "Sọ ọ́ lẹ́nu." Mo sọ ọ́ láìṣì. Wọ́n bi mí pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ nílé ìwé. "Ọwọ́ òsì ló kù, sà," ni mo wí. Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn fi etí ìró nu ojú.

Dókítà wá béèrè bóyá ojú ẹnì kan ti fọ́ rí nínú ẹbí wa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa ìyá àgbà, wọ́n ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ jókòó síbí."

"Ọmọ ni mo gbé wá o, dókítà. Kò sí ohun tó ń ṣe mí."

Màmá mi jókòó ṣá. Ti ojú ọ̀tún lọ dáadáa. Dókítà bo ojú ọ̀tún, màmá mi sì dákẹ́. Mo rò pé ohun tó ṣe mí ló ń ṣe wọ́n. Mo sún mọ́ wọn, mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màmá, wọ́n ní ẹ lè sọ ọ́ lẹ́nu."

"N kò rí pátákó náà," ni wọ́n wí.

Dókítà ní omi ti pọ̀ jù nínú ojú wọn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran. Ojú kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi mọ̀. Ojú òsì náà kò padà wá. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, òun ló sì gba ojú kejì là di òní.

Èmi náà ti tó ọjọ́ orí tí màmá mi wà nígbà yẹn. Lọ́dọọdún ni mo ń lọ yẹ ojú wò ní Òṣogbo, ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn ni wọ́n sọ fún mi pé omi ti ń pọ̀ nínú ojú tèmi náà, wọ́n sì fún mi ní oògùn tí màá máa kán sójú. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ wá sí Iléṣà, mo ti pinnu pé màmá mi kò ní gbọ́. Mo bá wọn lórí àga ní iwájú ilé. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Bí ó bá jẹ́ ọmọ kíláàsì kẹta yẹn ni, ì bá dúró bí òpó. Èmi jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, mo ní, "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí." Wọ́n gba oògùn náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n gbójú sókè, wọ́n sì kán an sí mi lójú.