Ibi Tí Ilẹ̀ Ti Rọ̀

Tàǹtí ni gbogbo wa ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ń pe Àjọkẹ́, nítorí ọdún tó lò ní Abijan, níbi tí wọ́n ti ń pe obìnrin tó bá dàgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà lẹ́nu. Bí o bá ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ tí o ní kò kún, á dà á padà lójú rẹ, á ní kí o lọ ra ti ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa ọmọ rẹ, ilé rẹ̀ ni ọmọ náà yóò ti yó. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n ò sì fi bò.

Abijan ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ohun tó kó bọ̀ wálé kò ju Túnmiṣe ọmọ wọn kan ṣoṣo, àti ìró aláwọ̀ aró kan tí ọkọ náà rà fún un nígbà tó bímọ. Kó tó dé, Fáfúnmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti gbin ẹ̀gẹ́ sí oko tó yẹ kó jẹ́ ti ọmọ náà. Ó ní òun ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Títí di òní ló ṣì ń bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Ìjì ló ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ lọ́dún náà. Ó ká páànù lórí ilé púpọ̀. Àjọkẹ́ wà níbi tó ti ń yan gàrí, Túnmiṣe sì sáré jáde lọ ká aṣọ ìyá rẹ̀ lórí okùn. Ibẹ̀ ni ògiri alámọ̀ ilé wọn ti wó lù ú.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọ́n dá Àjọkẹ́ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n gbé e gun ọ̀kadà lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èjìgbò. Òjò tún ti ń ṣú. Ìró aláwọ̀ aró náà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ náà, òun náà ni Fáfúnmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì fi wé e. Wọ́n sin ín sẹ́yìnkùlé, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ kó má baà ní àmì. Kí iṣu tuntun tó jáde, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì ti bá ọ̀nà Abijan lọ. Ó wá ku Fáfúnmi nìkan tó mọ ibẹ̀.

Nígbà tí Àjọkẹ́ padà dé, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé a kì í béèrè. Àwọn tó wá kí i ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọn ò rántí pé ọkọ tí ì bá bá a pọn omi míì ti kú. Ohun kan ṣoṣo tó ń pariwo lé lórí ni ìró rẹ̀. Ó ní ìjì gbé e lọ, ó wá a dé etí odò, ó tilẹ̀ bá Sẹ̀kínátù aládùúgbò rẹ̀ jà pé ó jí i. Ẹkún ọmọ ló ń sun, ìró ló fi ń bojú.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìjọ kan láti Èjìgbò kó àwọn ọ̀dọ́ wọn wá láti bá àwọn tí ìjì wó ilé wọn tún un kọ́. Olújídé, bíríkìlà tó jẹ́ olórí wọn, kò gba kọ́bọ̀. Èmi tí n ò fẹ́ràn ariwo ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbà fún wọn. Àwọn ọmọ tí kò gbé ọkọ́ rí ń po sìmẹ́ǹtì títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi bó. Àjọkẹ́ kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ṣùgbọ́n ó ń se iṣu fún wọn, ó sì ń fi òrí pa wọ́n lọ́wọ́. Ó tún ti ń bú wa bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, inú wa sì ń dùn.

Nígbà tí wọ́n kan òrùlé yàrá méjì tí wọ́n kọ́ fún Àjọkẹ́ tán, ó ku ṣáláńgá. Olújídé bi í pé níbo ni kí àwọn gbẹ́ ẹ sí. Ẹ̀yìnkùlé náà le bí àpáta. Àjọkẹ́ wo ọwọ́ àwọn ọmọ náà, àánú wọn ṣe é. Ó mú igi kan, ó ń fi gún ilẹ̀ kiri, títí ó fi dé ibi tí igi náà ti wọlé wẹ́rẹ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀.

Fáfúnmi wà níbẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ikán pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lọ gbẹ́ ẹ sídìí igi ìyeyè. Àjọkẹ́ ní ikán wo. Fáfúnmi ní omi máa ń dúró síbẹ̀. Àjọkẹ́ fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá, ẹ gba oko ọmọ mi, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé náà lẹ tún fẹ́ gbà? Ibí ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ sí."

A rẹ́rìn-ín. Ṣé irọ́ ló pa ni? Oko wà lọ́wọ́ Fáfúnmi.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, kì í sì í ṣe fún Àjọkẹ́. Kó fa Olújídé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sọ ọ́ sí i létí, ó parí. Ṣùgbọ́n a ti fi í rẹ́rìn-ín lójú àlejò. Ìbínú kò da nǹkan fún ni. Òun náà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ó gbé ọkọ́ lé èjìká.

"Ibi tó bá wù ọ́ ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí," ló wí, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ náà rọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Tàǹtí. Ihò náà kò tíì mù wọ́n dé ìdí nígbà tí ṣọ́bìrì ẹnì kan kọ́ nǹkan. Ó fi ọwọ́ nu yẹ̀pẹ̀ kúrò, ó ní aṣọ ni. Àjọkẹ́ tó ń bu omi fún wọn yọjú wò ó. Ó mọ àwọ̀ aró náà.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín.

"Ìró mi nìyẹn! Sẹ̀kínátù, forí jì mí, ìjì ò gbé e lọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò náà fúnra rẹ̀. Ó di etí aṣọ mú, ó fà á. Aṣọ náà kò wá, ó wúwo. Ó tún fà á. Olújídé ti fura, ó bẹ́ sílẹ̀ láti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ìró náà ti tú.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà sunkún títí ohùn wọn fi há. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Nígbà tí Fáfúnmi ti oko dé, ó bá wa níbi tí a jókòó sí.

"Ṣebí mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sídìí ìyeyè," ló wí.

Mo dìde kúrò níbẹ̀ kí n má baà lù ú.

Ilé Àjọkẹ́ ti parí báyìí, páànù rẹ̀ sì ń dán. Ìdí ìyeyè, níbi tí ilẹ̀ ti le, ni wọ́n padà gbẹ́ ṣáláńgá náà sí. Àjọkẹ́ kì í bú ẹnikẹ́ni mọ́. Bí o bá ní gàrí kò kún, á bù sí i. Láràárọ̀ ló ń gbá ẹ̀yìnkùlé. Bó bá dé ibì kan, á dúró, á gbá yí i ká, kò ní tẹ̀ ẹ́. Ó mọ ibẹ̀, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.